Ìjì ká wa mọ́ inú tẹ́ǹtì lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọRẹ́mọ_Alálùpùpù:
Ẹ kú àsìkò o ẹ̀yin tèmi. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin gbé máṣíìnì wa kúrò ní Ṣágámù ní Sátidé tó lọ, a gba Ìkẹ́nnẹ́, a gba Ìlíṣàn já sí Àgọ́-Ìwòyè, a kọjá Orù, a sì ré Ìjẹ̀bú-Igbó kọjá díẹ̀, torí ó wù wá ká sun inú tẹ́ǹtì lálẹ́ ọjọ́ kan ká tó padà sílé. A rí ibì kan tó tẹ́jú létí odò kékeré kan, igi àràbà ńlá kan wà níbẹ̀, abẹ́ ẹ̀ mọ́ tónítóní, mo ní ibi tí Ọlọ́run pèsè fún wa nìyí. A mu gààrí, a jẹ ẹ̀pà sí i, a sùn.

Kò tíì tó aago mẹ́sàn-án tí gbogbo ibẹ̀ fi dákẹ́ lójijì, ewé ò mì, kòkòrò ò ké, àfi bí atẹ́gùn tútù kan ṣe já lu tẹ́ǹtì gbìì, okùn mẹ́ta já lẹ́ẹ̀kan náà, òjò tẹ̀ lé e, àrá ń sán bí ẹni pé orí igi yẹn gan-an ló wà. Ọmọ ọdún 24 ni àbúrò mi o, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ mi mú bó ṣe máa ń dì í mú nígbà tó wà ní kékeré, èmi náà fi ọwọ́ kejì gbá ọ̀pá tẹ́ǹtì mú kó má baà wó lé wa lórí. Sitáǹdì máṣíìnì rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, máṣíìnì ṣubú. Nígbà tó fi máa di ààjìn, omi odò ti wọ abẹ́ ibi tá a sùn sí. Ọlọ́run ló yọ wá.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín: tí irú ẹ̀ bá tún ká wa mọ́, ṣé inú tẹ́ǹtì ló yẹ ká dúró sí ni àbí ká lọ jókòó sórí máṣíìnì, torí wọ́n máa ń sọ pé táyà rọ́bà kì í jẹ́ kí àrá pa èèyàn? Ṣé a lè so tẹ́ǹtì mọ́ máṣíìnì kó má fò? Máṣíìnì àbúrò mi náà ò jí dáadáa mọ́ láti ọjọ́ yẹn, ńṣe ló ń wúkọ́. A ṣì fẹ́ lọ sí apá Igbó Ọmọ kí oṣù kẹwàá tó parí.

ỌmọỌdẹ_Ìjẹ̀búIgbó:
Ẹ kú ewu o ẹ̀gbọ́n. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín ni ara mi ń bù máṣọ. Ọdẹ ni bàbá mi, ká ní ó ń kọjá lọ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń to tẹ́ǹtì yẹn, ariwo ni ì bá pa. Ẹ wò ó, nǹkan méjì tó wù yín níbẹ̀ náà ló fẹ́ pa yín, igi yẹn àti odò yẹn. Igi tó bá ga ju àwọn yòókù lọ ni àrá sábà máa ń bá, ká tiẹ̀ ní àrá ò sán rárá, ẹ̀ka gbígbẹ tó wà lókè àràbà lè já lulẹ̀, ìjì lásán ti tó. Odò ní tiẹ̀, òjò tó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún tẹ́yin ò rí ló máa gbé omi wá bá yín lóru. Ilẹ̀ tó bá mọ́ tónítóní létí odò, omi ló gbá a.

Ìdákẹ́jẹ́ tẹ́ ẹ sọ yẹn, àmì ni. Òjò oníjì tó máa ń rọ̀ láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún, tó tún máa ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá. Ọ̀run ibẹ̀ á ṣú dúdú bí aró, atẹ́gùn á dákẹ́, lẹ́yìn náà atẹ́gùn tútù á dé kí òjò tó kán. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tó ṣú báyẹn, àkókò tó kù kò pọ̀ mọ́. Ti oṣù kẹfà, ìkeje yàtọ̀, ìyẹn lè rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ṣùgbọ́n kì í sábà bá ìjà wá tó bẹ́ẹ̀. Torí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn tẹ́ǹtì tó rẹlẹ̀ kọ sí ìlà-oòrùn, kí ẹnu ọ̀nà kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà mọ́ tẹ́ǹtì kì í di ilẹ̀ tó ti mu omi mú, ẹ gé èèkàn igi tó gùn láti ìgúnpá dé ọwọ́, kẹ́ ẹ gún un ní dídágẹ̀rẹ̀, kí orí ẹ̀ kọ̀yìn sí tẹ́ǹtì. Tàpólì tẹ́ ẹ tẹ́ sábẹ́, ẹ ká etí rẹ̀ wọ abẹ́ tẹ́ǹtì, tó bá yọ síta omi òjò á dà sórí rẹ̀ á sì ṣàn wá bá yín.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni pé abúlé pọ̀ lọ́nà yẹn. Ẹ béèrè ilé baálẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ sọ pé àlejò ni yín. Wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ to tẹ́ǹtì síwájú ilé, tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́ kẹ́ ẹ sáré wọlé.

Tíṣà_Ìjẹ̀búÒde:
Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ táyà yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i torí ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi nínú. Kì í ṣe òótọ́ o, àbúrò mi. Iná tó ti la inú afẹ́fẹ́ kọjá fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, ṣé rọ́bà fẹ́lẹ́ ló máa dá a dúró? Mọ́tò tó ní òrùlé irin máa ń gba èèyàn torí pé ara irin tó yí èèyàn ká ni iná yẹn máa gbà lọ sílẹ̀, táyà ò lọ́wọ́ sí i rárá. Máṣíìnì ò ní òrùlé. Tẹ́ǹtì náà, aṣọ lásán ni, àti ọ̀pá irin tí o dì mú (jọ̀ọ́, má tún dì í mú mọ́).

Tí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ máa kà títí àrá á fi sán, ìṣẹ́jú àáyá 3 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1. Tí kò bá ju 30 lọ, ẹ ti yẹ kẹ́ ẹ wà nínú ilé tàbí inú mọ́tò, kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀ títí 30 ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn. Tí kò bá sí ilé rárá, ẹ kúrò lábẹ́ igi, lórí òkè, létí omi àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ẹ lóṣòó, kẹ́ ẹ pa ẹsẹ̀ pọ̀, ẹ má dùbúlẹ̀, torí iná máa ń gba inú ilẹ̀ náà. Ìyẹn ò sọ pé kò ní bá yín o, ó kàn dín in kù ni. Ẹ jìnnà síra yín. Mo mọ̀ pé ó nira láti jù ọwọ́ àbúrò ẹni sílẹ̀ nírú àkókò yẹn, ṣùgbọ́n tó bá bá ẹnì kan, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ wà láàyè láti ràn án lọ́wọ́. Iná kì í wà lára ẹni tí àrá bá mọ́, ẹ lè fọwọ́ kàn án, tí kò bá mí mọ́ ẹ máa tẹ àyà rẹ̀ láìdúró kẹ́ ẹ sì wá bí ẹ ṣe máa gbé e dé ọsibítù.

Mẹkáníìkì_Ìpẹru:
Ẹ má kíìkì máṣíìnì yẹn léraléra mọ́ o. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ́ìlì rẹ̀, tó bá ti funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọnú ẹ́ńjìnì, ẹ má jí i, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì. Tí ọ́ìlì bá dáa, ẹ tú plug, ẹ nù ún kó gbẹ, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́ torí ibẹ̀ ni omi máa ń sá sí tí máṣíìnì bá ṣubú sínú ẹrẹ̀, kẹ́ ẹ wá tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà nídìí kábúrétọ̀ kí omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà jáde. Ìwúkọ́ tẹ́ ẹ sọ yẹn, kábúrétọ̀ ni mo fura sí jù.

Kẹ́ ẹ má so tẹ́ǹtì mọ́ ọn láéláé. Tí ìjì bá gbé tẹ́ǹtì, á fa máṣíìnì wó lé yín lórí, sàléńsà tó ṣì gbóná náà á jó aṣọ tẹ́ǹtì. Sitáǹdì àárín ni kẹ́ ẹ fi gbé e dúró, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, kó jìnnà sí tẹ́ǹtì ju gígùn ara rẹ̀ lọ.

ỌmọRẹ́mọ_Alálùpùpù:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá wa dá ẹ̀mí yín sí. A ti tú fílítà yẹn, omi ló kún inú ẹ̀ lóòótọ́, ó ti ń jí báyìí. Ọ̀kan ṣẹ́kù o: nítorí òtútù, àbúrò mi ní ká gbé ìkòkò èédú wọ inú tẹ́ǹtì nígbà míì, ká sì ti ẹnu ọ̀nà. Apá Igbó Ọmọ ńkọ́?

Tíṣà_Ìjẹ̀búÒde:
Rárá o! Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kì í rùn, ojú oorun ló máa ń bá èèyàn pa á. Aṣọ gbígbẹ kan ni kẹ́ ẹ dì sínú náílọ́ọ̀nù méjì, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án títí di àkókò oorun. Aṣọ tó tutù lára ló ń mú òtútù yẹn wọlé.

ỌmọỌdẹ_Ìjẹ̀búIgbó:
Igbó Ọmọ kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ máa kàn ya tẹ́ǹtì sí o ẹ̀gbọ́n, igbó ìjọba ni láti 1925, erin sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ sùn síbi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sùn. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa ibẹ̀ máa ń yọ̀ bí ilá lẹ́yìn òjò, tẹ́ ẹ bá dé tó ti rọ̀, ẹ sùn sí abúlé, ẹ wọlé lọ́jọ́ kejì. Mo ti sọ fún bàbá mi, wọ́n ní tẹ́ ẹ bá máa gba Ìjẹ̀bú-Igbó kọjá kẹ́ ẹ yà kí àwọn, àwọn fẹ́ fi èèkàn hàn yín.