Guest Additions kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú Ubuntu mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Agric:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Windows ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, mo wá fi VirtualBox, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ṣiṣẹ́ nínú òmíràn, gbé Ubuntu sínú rẹ̀ kí n lè fi kọ́ Linux. Ó ń bá mi ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀: bí mo bá fa wíńdò rẹ̀, ojú Ubuntu á fẹ̀ tẹ̀lé e, fólídà àjùmọ̀lò náà ń hàn. Ní Sátidé mo gba àtúnṣe tí Ubuntu ní kí n gbà, mo pa á, mo tún un tàn. Ojú rẹ̀ wá kéré bí ojú fóònù, fólídà náà ò sì sí mọ́. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún olùkọ́ wa lọ́la wà nínú ẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tún Guest Additions, àfikún VirtualBox tó ń mú kí ojú rẹ̀ fẹ̀ kí fólídà náà sì hàn, fi sí i. Ṣé kí n kúkú pa Ubuntu rẹ́ ni?

Ará Ìjẹ̀dẹ́:
Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ mà. Orí Windows yín ni fólídà yẹn wà gan-an, Ubuntu kàn ń yọjú wò ó ni. Ẹ ṣí i láti Windows, ẹ ó bá iṣẹ́ yín níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Agric:
Ha, mo rí i! Ọlọ́run á ṣọ́ yín.

Ọ̀dọ́ Ògólóǹtò:
Ẹ lọ pa Secure Boot, ààbò tó ń dènà ohun tí wọn ò fọwọ́ sí nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, ó tán.

Bàbá Oníkọ̀ǹpútà, Èbúté:
Àbúrò, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ká kọ́kọ́ wádìí. Ìyá Ìbejì, kí ló wà nínú àkọsílẹ̀ ìfisí Guest Additions, /var/log/vboxadd-setup.log?

Ìyá Ìbejì, Agric:
Ó ní "Kernel headers not found".

Bàbá Oníkọ̀ǹpútà, Èbúté:
Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Àtúnṣe Sátidé ló gbé kernel tuntun, ìyẹn ọkàn Ubuntu, wá. Guest Additions ní àwọn módù, ìyẹn ègé ètò tó ń wọnú kernel, bíi vboxguest àti vboxsf; èyí tí wọ́n kọ́ fún kernel àtijọ́ kì í bá tuntun mu, a ní láti tún un kọ́. Headers, ìyẹn àwọn fáìlì tó ṣàpèjúwe kernel náà, la fi ń kọ́ ọ, òun ni kò sí. Ẹ tẹ èyí sí Terminal:

sudo apt update
sudo apt install build-essential linux-headers-$(uname -r)
sudo /sbin/rcvboxadd setup

Kí ẹ tún un tàn. Bó bá ṣì kọ̀, á jẹ́ pé VirtualBox yín ti pẹ́ ju kernel náà lọ. Ẹ gba tuntun.

Ìyá Ìbejì, Agric:
Dátà mi ti tán, hótísípọ́ọ̀tì àbúrò mi ni mo fi gbà á. Ó ti fẹ̀ padà, ẹ ṣé gan-an sà! Fólídà náà ti yọjú.