“Ìgbẹwé” kò bá iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un mu

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀gá wa kan dábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí á máa pe bí omi ṣe wà lára ewé ní “ìgbẹwé”. Wọ́n ní kí á ṣá gé ewé, kí á wọ̀n ọ́n, ó parí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ẹnu ń yún mi.

“Gbẹ” kì í sábà gba àbọ̀. Ewé ní í gbẹ, ẹnikẹ́ni kì í gbẹ ewé. “Gbẹ́” tí àwọn agbẹ́gilére ń ṣe ló ń gba àbọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sáré mú “òùngbẹ ń gbẹ mí” wá. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ẹ sì wo ẹni tó bá kọ ọ́ láìfàmì sí i: ìgbẹ́ lọmọ iléèwé máa kà, kíláàsì á dàrú.

Ìtumọ̀ gan-an ló tiẹ̀ bí mi nínú jù. Lọ́sàn-án gangan, afẹ́fẹ́ ń fa omi lójú ewé, ewé ń fà á lára ẹ̀ka, ẹ̀ka ń fà á láti gbòǹgbò. Bí ọ̀bẹ bá gé ọrùn ewé, omi á sá wọnú padà bíi rọ́bà tó já. Òun ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Scholander, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò lọ́dún 1965: wọ́n ti ewé mọ́nú ìkòkò irin, ọrùn rẹ̀ yọ síta, wọ́n ń fún gáàsì sí i díẹ̀díẹ̀ títí omi fi yọjú lójú ọgbẹ́. Bí gáàsì yẹn ṣe le tó ni ìfà náà ṣe le tó kí ọ̀bẹ tó dé. Ibo ni gbígbẹ wà níbẹ̀?

Ewé tí a gé ní Ifẹ̀wàrà tí a gbé dé Ifẹ̀ láìfi ọ̀rá bò ó ti tú omi dànù lọ́nà. Ìkòkò irin yẹn á purọ́ pé òùngbẹ pa igi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti ọ̀rá bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gé e. Àwọn tó ń gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi kí wọ́n lè mọ bó ṣe wúwo tó bó bá yó, ńkọ́? Etí tí wọ́n gé á mu àmujù, ewé á wá dà bíi pé ó ti gbẹ ju bó ṣe wà lọ. Ti ẹ̀gẹ́ tún burú nínú ìkòkò irin yẹn: oje funfun á ti bo ojú ọgbẹ́ kí omi tó yọ.

“Ìfami” ni tèmi. Ẹ má kọ “ìfàmi”. Ohùn ìsàlẹ̀ “fà” kì í dúró níwájú àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ.

Àwọn ìyá wa tó ń ta ewé eéran lọ́jà Atákúnmọ́sà kì í pe ewé tó rọ ní ewé tó gbẹ. Èyí tó rọ, wọ́n á wọ́n omi sí i, á jí. Èyí tó gbẹ, iná ni.

Ọ̀gá wa ní àwọn ti ń kọ́ni kí wọ́n tó bí àwa kan. Ó dáa. Ṣé ewé ni wọ́n ń kọ́?