Alexandria: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wo ni kí n kọ́kọ́ lọ?

Ọmọ Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ kú ilé o. Mò ń lọ sí Alexandria ní Íjíbítì. Ti Ẹnuwá níbí nìkan ni mo mọ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ìyá Mọ̀rẹ̀: Ọmọ mi, Graeco-Roman Museum dára, ọdún 1892 ni wọ́n dá a sílẹ̀, 2023 ni wọ́n tún un ṣí. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ilé ìkàwé ńlá etí òkun ló wù mí jù. Àwòrán ajá kan tí àwọn ará àtijọ́ fi òkúta wẹ́wẹ́ tò wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé náà ni wọ́n hú u jáde. Ẹni tó mọ ilẹ̀ àpáàdì Ifẹ̀ kò ní tètè kúrò níbẹ̀.

Bàbá Ìrẹ̀mọ: Ya odi Qaitbay náà. Ibi tí ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ayé àtijọ́ wà ni wọ́n kọ́ ọ sí. Di fìlà rẹ mú o!

Ọmọ Ìlódè: Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Ajá yẹn ni màá kọ́kọ́ lọ wò.