Ààlà ni, kì í ṣe ìdènà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí a ṣe ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ ìṣètò kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá pé ká pe atomic ní “iṣẹ́ bíńtín”, ká sì pe memory barrier ní “ìdènà ìrántí”, mo kí yín, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Atomic kò ní í ṣe pẹ̀lú bíńtín. Lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì, “ohun tí kò ṣe é gé” ni. Ká ní òwú méjì (“òwú” ni mo fara mọ́ fún thread, ìyẹn ọ̀wọ́ àṣẹ kan tí kọ̀ǹpútà ń ṣe pọ̀ mọ́ òmíràn lẹ́ẹ̀kan náà; fọ́nrán ti di ti fídíò) fẹ́ fi 1 kún iye kan tó jẹ́ 5. Tí àwọn méjèèjì bá jọ ka 5, 6 ni àwọn méjèèjì máa kọ síbẹ̀, 1 ti sọnù nìyẹn. Iṣẹ́ atomic kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ká a mọ́ agbedeméjì: kò tíì ṣẹlẹ̀, tàbí ó ti parí. Kò sí àbọ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀. “Iṣẹ́ olódidi” ni èmi á pè é.

Ti barrier ló dùn mí jù. Ẹni tó bá gbọ́ “ìdènà” á rò pé òwú kan ń dá èkejì dúró. Iṣẹ́ lock nìyẹn. Bí iṣẹ́ òwú kan ṣe tẹ̀léra nínú ìrántí kọ̀ǹpútà ni barrier ń ṣọ́, “ààlà” ni èmi á pè é. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mo gbé oúnjẹ sórí tábìlì, mo wá lu agogo: kíkọ méjì sínú ìrántí nìyẹn. Lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ARM, ará yàrá kejì (òwú mìíràn) lè gbọ́ agogo kó má tíì rí oúnjẹ! x86, oríṣi ọpọlọ kọ̀ǹpútà mìíràn, kì í ṣe ìyẹn ní tirẹ̀. Níbẹ̀, kíkà láti inú ìrántí ló lè sáré ṣáájú kíkọ tó yẹ kó ṣíwájú rẹ̀. Tí mo bá pààlà sáàárín oúnjẹ àti agogo, agogo ò lè fò ó. Ẹni tó ń gbọ́ agogo náà gbọ́dọ̀ pààlà tirẹ̀ kó tó wo tábìlì. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń ṣubú.

Ẹnìkan á ní àárín olóko méjì ni ààlà ń wà. Ṣé àgbẹ̀ kan ò lè pààlà sáàárín iṣu àti àgbàdo ara rẹ̀ ni?

Ó ku acquire àti release, ààlà méjì tí acquire ń bẹ níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí release ń bẹ níparí rẹ̀, tí èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ C gbà wọlé ní 2011. Ìgèrè ni wọ́n jọ lójú mi: iṣẹ́ tó wà níta lè bọ́ sáàárín wọn, èyí tó wà nínú kò gbọdọ̀ jáde. Mo fẹ́ pe acquire ní “ẹnu ìgèrè”. Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ àti Ẹ̀pẹ́, kí lẹ ń pe ìdí ìgèrè, ká lè fi pe release?