Akọ ẹja betta mi bu abo jẹ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń sin ẹja betta (ẹja ọ̀ṣọ́ kékeré tó máa ń jà) tipẹ́. Mo fẹ́ kí akọ àti abo tèmi bímọ. Ikùn abo tèmi ti yọ rọ̀bọ̀tọ̀, ìlà òòró ti hàn lára rẹ̀, ojú ibi tí ẹyin ń gbà jáde sì yọ síta, funfun bíi hóró iyọ̀. Omi wọn wà ní 27°C. Akọ ti fi ìfófòó kọ́ ìtẹ́ sójú omi, mo sì fi gíláàsì là wọ́n láàrin fún ọjọ́ 3. Àfi bí mo ṣe yọ gíláàsì báyìí, ó lé e kiri, ó bu ìrù rẹ̀ jẹ! Mo yára gbé abo kúrò, àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ọjọ́ mélòó ni kó fi sinmi kí n tó tún gbìyànjú? Àbí ewé inú omi ló kéré, tí kò fi ríbi sá sí? Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù: ṣé ẹyin náà lè pa á lára bí kò bá yé e?