Màámi ń húkọ́ tí wọ́n bá ti mumi, ẹ gbà mí níyànjú

Àdùkẹ́ Ìsọ̀kùn (Iléṣà): Ẹ kúulé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ sú mi. Oṣù kẹjọ rèé tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu Màámi, apá òsì ò tíì gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó, orí fóònù ló ti ń tọ́jú ìyá. Ìyàwó rẹ̀ tún ní mò ń jẹ owó oògùn. Èmi ni mò ń gbé wọn, èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n. Ní báyìí, wọ́n á mumi, ikọ́ á dá wọn dúró. Èjìká òsì ń ro wọ́n. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé kí n gbé wọn lọ sórí òkè ni?

Nọ́ọ̀sì Ìlàrè (Ifẹ̀): Òkè wo? Ọ̀nà èémí ni omi yẹn ń bá lọ, ibẹ̀ ni òtútù àyà ti ń wọlé. Ẹ gbé wọn jókòó gbọnin-gbọnin kẹ́ ẹ tó fún wọn lóúnjẹ. Ṣíbí kékeré; kí wọ́n gbé e mì tán kẹ́ ẹ tó bu òmíràn. Kí wọ́n má dùbúlẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa fọ ẹnu wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí ìdọ̀tí ẹnu náà ń bá itọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kí dókítà sì yẹ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì wò.

Físíò Mọ̀rẹ̀: Ṣé apá òsì yẹn lẹ ń fà tẹ́ ẹ bá ń gbé wọn dìde?

Àdùkẹ́: Ibo lẹ fẹ́ kí n dì mú? Èmi nìkan ni mo wà nílé.

Físíò Mọ̀rẹ̀: Ìbàdí. Iṣan tó di egungun apá mú ti dẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fà á, egungun á yẹ̀ lójú ihò rẹ̀. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá náà tí wọ́n bá jókòó. Lórí ibùsùn, ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì, kí ara má bàa dá egbò.

Ọmọ Ọwá: Ẹ máa fún wọn ní asipírìn 75 mg lójoojúmọ́, kó má bàa tún kọlù wọ́n.

Apoògùn Òkè-Ẹṣọ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pín asipírìn bí ẹ̀pà. Àdùkẹ́, BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) wọn jẹ́ mélòó? Oògùn wo ni wọ́n ń lò?

Ọmọ Ọwá: Ṣebí dókítà náà ń kọ ọ́.

Apoògùn: Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tó dì dí iṣan ọpọlọ rẹ̀ ni. Bí iṣan bá bẹ́ ńkọ́? Asipírìn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.

Àdùkẹ́: Wọ́n ya àwòrán orí wọn n'Ífẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló tú sínú ọpọlọ. Nígbà tí BP wálẹ̀ sí 128/80, a dá oògùn rẹ̀ dúró, owó ò sí. Oníkẹ́mísì kan ló ní ká máa lo asipírìn, ó dínwó.

Apoògùn: Yéè! Oògùn ló mú 128/80 yẹn wá. Ẹ dá a dúró, ó ṣeé ṣe kó ti gòkè padà. Ẹ má fún wọn ní asipírìn mọ́ títí dókítà á fi rí wọn. Ẹ wọn BP wọn lónìí. Ẹ má fi oògùn BP tó kù nílé ṣe ìlọ́po méjì o. Bó bá já wálẹ̀ lójijì, ewu ni. Lọ́la, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn Wesley Guild, pẹ̀lú páálí gbogbo oògùn àti àbájáde àwòrán yẹn. Tí orí bá fọ́ wọn lójijì, tí wọ́n bì, tàbí tí gìrì gbé wọn, ẹ má dúró dọ̀la. Tó bá jẹ́ gìrì, ẹ yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu wọn.

Nọ́ọ̀sì Ìlàrè: Ẹ sọ ti ìdákẹ́jẹ́ náà fún dókítà. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú.

Àdùkẹ́: Àbájáde àwòrán wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó.

Nọ́ọ̀sì Ìlàrè: Kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ yìí. Ṣebí ó ní fóònù.