Ìyàwó mi bímọ, ẹkún ò dá lójú ẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

BàbáÀkọ́bí_Ìgbóná
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará Òṣogbo, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ ọmọ. Ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, obìnrin, òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ara ọmọ le, ó ń mu ọyàn dáadáa, ìyá ọmọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Láti bí ọjọ́ kẹrin ló ti ń sunkún, mo rò pé ìrora ni torí wọ́n rán an lábẹ́, àmọ́ ojú ọgbẹ́ ti jinná, ẹkún ò dá. Tí ìyá mi bá ti gbé ọmọ lọ wẹ̀, á wọ bàlùwẹ̀ á ṣí omi sílẹ̀ ká má baà gbọ́, mo sì ń gbọ́. Oúnjẹ ò wù ú. Ọmọ á sùn lóru, òun á jókòó máa wo àjà. Àná ló ní òun ò rò pé òun yẹ lẹ́ni tó ń jẹ́ ìyá, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

Mo ní kó máa dúpẹ́, àwọn kan ń wá ọmọ wọn ò rí, ṣe ni ẹkún tún pọ̀ sí i. Ìyá mi ní kí ará ilé má gbọ́ o, wọ́n á ní abísínwín ni. Aago méje àárọ̀ ni mò ń jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí n bá dé lálẹ́ mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá_Àdùkẹ́
Bàbá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ bá mi kí ìyàwó yín kú ọwọ́ lómi. Ẹ má bínú sí mi, “máa dúpẹ́” yẹn, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ó ń dúpẹ́. Ọdún mẹ́fà la fi wá ọmọ tèmi, nígbà tó wá dé tí mo ń sunkún, ojú ara mi ló ń tì mí. Ìlú tí àwọn èèyàn ti ń wá tọrọ ọmọ lódò Ọ̀ṣun ní gbogbo oṣù August, ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mo rí ọmọ, inú mi ò dùn? Mo pa á mọ́ra fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló wá láti Ẹdẹ, kò bi mí ní nǹkankan, ó gba ọmọ ó pọ̀n ọ́n, ó ní lọ sùn, tó bá fẹ́ mu ọyàn màá jí ẹ. Ìgbà tí mo jí ló wá jókòó tì mí tó ní kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an, tó sì dákẹ́ tí mo fi sọ ọ́ tán. Òun náà ló mú mi lọ rí dókítà. Àwọn tó ń wá kí ọmọ tí wọ́n ń sọ pé ọmọ yìí mà rù o, ṣé omi ọyàn ń wá ṣá, ẹ bá mi dín wọn kù.

Nọ́ọ̀sì_Òròkí
Ẹkún ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún wọ́pọ̀ gan-an, tí ibi ọmọ bá ti jáde họ́mónù ara á já wálẹ̀ lójijì, àìsùn á tún dà pọ̀ mọ́ ọn, ó sì máa ń lọ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Tìyàwó yín ti kọjá ìyẹn, ó jọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń wá lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kẹfà tí wọ́n máa ń yẹ ìyá ọmọ wò ní ọsibítù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú ìyá 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bíi 13 ni àìlera ọkàn ń ṣe, ìrẹ̀wẹ̀sì irú èyí ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìbéèrè 10 kan wà tí wọ́n máa bi í láti fi wò ó bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì yẹn ló ń ṣe é, ti Edinburgh ni wọ́n ń pè é, wọ́n ti lò ó fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Iléṣà níbí. Àwọn oògùn kan wà tí dókítà lè fún un tó bá gba bẹ́ẹ̀, kò sì ní já ọmọ lẹ́nu ọyàn.

Abísínwín yàtọ̀. Tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó ní òun fẹ́ ṣe ara òun tàbí ọmọ léṣe, òru ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ ọsibítù, ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ìyẹn náà ní ìtọ́jú, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ bi í gbangba bóyá ó ń rò ó pé òun fẹ́ kú, bíbi í ò lè ki èrò yẹn sí i lọ́kàn.

Sàló_ÒkèBaálẹ̀
Bàbá, ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ̀ ń sùn? Ó máa ń mú àwa ọkùnrin náà o, ó mú mi nígbà tèmi. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ lóru, tó bá ti mu ọyàn tán kí ẹ̀yin gbé e kó lè gùnfẹ̀.

BàbáÀkọ́bí_Ìgbóná
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo bi í lálẹ́ àná. Ó ní òun ò fẹ́ kú, pé ó kàn ń ṣe òun bíi pé òun wà lábẹ́ omi, tí àwọn èèyàn ń kí òun kú oríire láti òkè. Mi ò sọ nǹkankan, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ìyá mi ti ń gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n wọlé wá jókòó, wọ́n ní nígbà táwọn bí ẹ̀gbọ́n mi ó ṣe àwọn bẹ́ẹ̀, pé àwọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Èmi ni mo gbé ọmọ lóru, ó sùn láti aago mẹ́wàá di aago méjì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń lọ rí dókítà lọ́la, ìyá mi ló máa pọn ọmọ.